Orin Tó Ń Dúró De Ìdáhùn

Bí ẹ bá mọ Adédiwúrà ní ọdún 2006, ẹ ó béèrè pé kí ló tún kù tí obìnrin yìí ń wá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ó ní ọkọ tó ṣe é bá gbé, Bámi, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ó ní ọmọbìnrin kan, Tiwa, tó ti wọ yunifásítì. Ẹ̀sìtéètì tó ní géètì ni wọ́n ń gbé ní Ifákọ̀, iná ò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu níbẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin ní ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan, àwọn ọmọ náà kì í sá fún kíláàsì rẹ̀, èyí tí tíṣà ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ náà kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló ń fun fèrè sasofóònù fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Ara rẹ̀ le, oorun rẹ̀ ń dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ìwé ẹ̀rí orin mẹ́ta ló wà lára ògiri pálọ̀ wọn, síbẹ̀ ó tún fẹ́ gboyè másítà.

Ó gba fọ́ọ̀mù, wọ́n mú un. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀kọ́ náà pín sí. Jáàsì ni èkíní, orin oríṣiríṣi ẹ̀yà àgbáyé ni èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì í ṣe, kí ó sì mọ̀ ọ́n kọ́ ẹlòmíràn. Adédiwúrà jẹ ìwé náà bí ẹni ń jẹ ẹ̀bà. Gbogbo ìdánwò tí wọ́n ń fi bírò ṣe ní ọdún kìíní, òun ló ń ṣáájú. Ìdánwò fífun fèrè ló gbé e ṣubú.

Jáàsì ní ìwà tirẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ jọ lu orin bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Tó bá yá, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ fún ẹnìkan, onítọ̀hún á wá máa dá orin láti inú ara rẹ̀, àwọn yòókù á máa gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí àyè kan Adédiwúrà lọ́jọ́ ìdánwò, ohun tó wà nínú ìwé náà ló tún fun. Wọ́n fún un láyè lẹ́ẹ̀kejì, ó tún un fun, ó mọ́ tónítóní. Dókítà Ṣóbọ̀wálé, olùkọ́ wọn, rọra dìde, ó ká ìwé kúrò níwájú rẹ̀. Ẹnu Adédiwúrà wà lórí fèrè, ìka rẹ̀ wà níbi tó yẹ, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò jáde. Ojú tì í débi pé ó gbàgbé àpò fèrè rẹ̀ sí gbọ̀ngàn.

Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, bàbá rẹ̀ ló fà á. Atẹdùùrù ni bàbá náà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ayé rẹ̀, rúlà onígi kì í sì í wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù rẹ̀. Bí Adédiwúrà kékeré bá fi ohùn kan kún orin, rúlà á bà lé ìka. "Ohun tí wọ́n kọ ni kí o tẹ̀. Ta ló bi ọ́ léèrè èrò tìrẹ?" Bàbá ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n ó fi rúlà rẹ̀ sílẹ̀ sínú orí ọmọ.

Òfin yunifásítì ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni akẹ́kọ̀ọ́ lè tún ìdánwò náà ṣe, ní oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀. Bí Adédiwúrà bá tún kùnà, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé. Ìwé ẹ̀rí náà sì kọ́ ló dùn ún jù. Ohun tó ń já a láyà ni pé bóyá kò sí orin kankan nínú òun, bóyá ẹni tó ń ka lẹ́tà ẹlòmíràn jáde ni òun láti ọjọ́ tí òun ti dáyé.

Dókítà Ṣóbọ̀wálé pè é sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà kéré sí i lọ́jọ́ orí, kì í fi ọ̀wọ̀ rẹ̀ ṣeré.

"Mummy," ó ní, "ẹ má kó àwọn band boys wá fún re-sit yín o. Ẹ lọ wá àwọn olórin tí kì í wo paper rárá. Ẹ kọ́ orin wọn, kí ẹ̀yin náà kọ́ wọn ní nǹkan kan, kí ẹ wá jọ ṣe é níwájú panel. Ẹ fi jáàsì yín sáàárín rẹ̀. Ìyẹn á kájú teaching, á kájú performance."

"Tí àwọn náà bá wá já mi kulẹ̀ ńkọ́?"

"Àwọn kọ́ ni mò ń bẹ̀rù fún, ma."

Adédiwúrà kò wá wọn jìnnà. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń ra ata lọ́wọ́ Àlàájà Màríyámọ̀ ní ọjà Mile 12. Àlàájà yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún, apẹ̀rẹ̀ ńlá ńlá ló ń tà fún àwọn alátùntà, ṣùgbọ́n nítorí Ìyá Tiwa, á bu ìdajì apẹ̀rẹ̀ kan, á sì ṣe bí ẹni pé wọ́n já ẹran ara òun jẹ. Bí ọkọ̀ bá ti já ẹrù láti òkè Ọya, òun àti àwọn obìnrin márùn-ún mìíràn á jókòó sórí àpótí lábẹ́ ìbòòji, wọ́n á máa ṣa ata tó ti rà kúrò lára èyí tó dára. Àwọn kan náà yìí ni wọ́n ń lé orin ní àsálátù lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìdí ata ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò.

Nígbà tí Adédiwúrà ṣàlàyé ohun tó wá fún, Àlàájà Màríyámọ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìyá Tiwa, o ti dàgbà tó báyìí, o ṣì ń lọ síléèwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlàájà."

"Orin ni wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀? Owó ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó kọ́ ẹ lórin?" Ó yíjú sí Karimot, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í. "Karimot, a ti sọ owó nù o, àwa tí à ń kọrin lọ́fẹ̀ẹ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Sátidé yẹn gan-an ni Adédiwúrà gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kalẹ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀ méjì. Orin ìkíni ni wọ́n kọ fún un, èyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àsálátù. Àlàájà á pe orúkọ ẹnìkan, á kì í díẹ̀, á béèrè àlàáfíà rẹ̀. Àwọn yòókù á gbè é pé, "Ó ń gbọ́, ó ń gbọ́, ẹ jẹ́ ó dáhùn." Bí ẹni tí wọ́n pè bá ti dáhùn, wọ́n á pàtẹ́wọ́, "Ó dáhùn, ayọ̀ dé!" Wọ́n á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ó ti mọ nìyẹn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn obìnrin náà, ẹ ó jókòó.

Adédiwúrà délé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó kọ orin náà sílẹ̀ lámì lámì. Ojú ìwé mẹ́fà ló gbà. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Sátidé kejì, ó kó wọn jọ, ó na ìka bí ó ṣe ń nà án fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àlàájà pe Karimot, àwọn yòókù gbè é, Karimot dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Adédiwúrà dá wọn dúró.

"Rárá, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbè é kí Àǹtí Karimot tó dáhùn. Ó wà nínú ìwé mi."

Àwọn obìnrin náà ń wo ara wọn. Àlàájà ronú sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ata bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Karimot ń jẹ àkàrà lọ́jọ́ náà! Ẹnu rẹ̀ ló kún, la bá ń dúró dè é. Ìyá Tiwa, àkàrà lo kọ sínú ìwé!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ó fi ọwọ́ tó mọ́ fa Adédiwúrà jókòó. "Wò ó, bí o bá pe èèyàn, ṣé wàá kọjá lọ kó tó dá ọ lóhùn? Orin yìí ò ní gígùn kankan. Ẹni tí a bá pè ló mọ bó ṣe máa gùn tó. A ò ní fi í sílẹ̀, a ò sì ní bínú sí i. A máa pè é títí táá fi jẹ́ wa."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Adédiwúrà gbọ́ ọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Ìwà kì í yára fini sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni wọ́n jọ ń ṣe é. Òun náà kọ́ wọn ní nǹkan. Ó kọ́ wọn bí àwọn mẹ́ta á ṣe gbé ohùn kejì sábẹ́ èyí tí wọ́n ń gbè tẹ́lẹ̀, kí orin lè kún. Wọ́n mú un kíá ju àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn tí ń já ẹrù dúró wò wọ́n lọ́jọ́ kan, Yúnúsà tó jẹ́ olórí wọn ní kí wọ́n tún un kọ, ó ní àárẹ̀ ara òun ti ń lọ. Inú Adédiwúrà dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni pé òun ni wọ́n já odidi ọkọ̀ àlùbọ́sà kan fún lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n bí àyè fèrè rẹ̀ bá ti kàn, ara rẹ̀ á le gan-gan. Nígbà tó di oṣù kẹrin tí ohun kan kò yàtọ̀, ó dá ọgbọ́n kan. Ó jókòó nílé, ó kọ ìlà orin mẹ́rin tó jọ èyí tí èèyàn dá láti inú ara rẹ̀. Ó fi ibi tí yóò ti ṣe bí ẹni ń wá ọ̀rọ̀ sí i. Ó fi ibi tí yóò ti mí kanlẹ̀ sí i. Ó kọ́ ọ sórí pátá. Èrò rẹ̀ ni pé Àlàájà á pe Karimot nìkan lọ́jọ́ ìdánwò, Karimot á tètè dáhùn, òun á fun ìlà mẹ́rin òun, wọ́n á tẹríba, ó parí. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni tí omi bá ń gbé lọ, kò sí ohun tí kò ní dì mú.

Bámi gbọ́ ọ láti yàrá kejì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

"Diwúrà, ṣé èyí tó ń ti inú ẹ wá nìyẹn?"

"Òun ni."

"Inú ẹ mà wà létòlétò o. Ibì kan náà ló ti ń mí lójoojúmọ́."

Adédiwúrà ju ìrọ̀rí lù ú.

Ọjọ́ ìdánwò pé, ní oṣù kẹfà ọdún 2007, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Àwọn obìnrin náà fi ata sílẹ̀ fún Yúnúsà, wọ́n wé gèlè, wọ́n da ìborùn wọn borí. Ẹni mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì. Dókítà Ṣóbọ̀wálé ni èkíní, olùkọ́ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Judith ni èkejì. Ẹ̀kẹta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínbíyì, tí wọ́n pè láti yunifásítì mìíràn. Òkìkí ọkùnrin yìí ti kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó tó dé, wọ́n ní kì í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohun gbogbo ló ń kọ sílẹ̀. Lóòótọ́, kó tó jókòó tán ló ti ṣí bírò.

Àlàájà bẹ̀rẹ̀. Ó pe Karimot, Karimot dáhùn bí ìgbà tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Ohùn kejì kún ohùn kìíní, Dókítà Judith mi orí pé ó dára. Adédiwúrà gbé fèrè sẹ́nu láti fun ìlà mẹ́rin rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àlàájà Màríyámọ̀ ti yíjú sí tábìlì. Ó ti rí àgbààgbà mẹ́ta tí wọ́n jókòó tí ẹnikẹ́ni kò kí. Irú ilé wo lèèyàn á wọ̀ tí kò ní kí onílé? Ó ti béèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ akọ̀wé ẹnu ọ̀nà, ó sì gbà á sórí.

Ó pe Dókítà Ṣóbọ̀wálé. Ọkùnrin náà ti mọ bí orin náà ṣe ń lọ, ó gbé ọwọ́ sókè, "Mo wà o!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó pe Dókítà Judith, ìyẹn fi ẹ̀rín dáhùn. Ó wá pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínbíyì, ó kì í dáadáa, ó béèrè ara ilé rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ̀wé.

"Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń gbọ́, ẹ jẹ́ wọ́n dáhùn," àwọn obìnrin gbè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n rò pé ègbè orin ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n gbè é lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Ooru mú Adédiwúrà. Ó fi ìlà mẹ́rin rẹ̀ sí i kíákíá, ó rò pé bí òun bá fun ún tán, wọ́n á mọ̀ pé ó ti parí. Ó wá ọ̀rọ̀ níbi tó ti kọ ọ́ pé òun á wá ọ̀rọ̀, ó mí kanlẹ̀ níbi tó ti kọ ọ́ pé òun á mí. Ìlà mẹ́rin tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí ojú ìwé mìíràn.

"Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń gbọ́, ẹ jẹ́ wọ́n dáhùn."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Dókítà Ṣóbọ̀wálé ń wo àjà ilé, ó fẹ̀yìn tì, kò fẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ kan ẹni tó jókòó tì í. Adédiwúrà wo Àlàájà, ó fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àlàájà mi orí pé rárá. Àgbàlagbà ni wọ́n pè, wọn ò ní kọjá. Ó wá fi àgbọ̀n júwe fèrè ọwọ́ Adédiwúrà, bí ẹni ń sọ pé, ìwọ náà pè é.

Kò sí ìwé. Kò sí ohun tó kọ́ sórí mọ́. Ọkùnrin kan ló wà níwájú rẹ̀ tí kò tíì mọ̀ pé wọ́n ń pe òun, ó sì yẹ kí ẹnìkan jẹ́ kó mọ̀. Adédiwúrà fi fèrè pe orúkọ rẹ̀. Ohùn mẹ́rin péré, bó ṣe ń gòkè àti bó ṣe ń wálẹ̀ lẹ́nu wa. Ó dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbójú sókè. Ó tún un pè, ó fi ìbéèrè sẹ́yìn rẹ̀. Ó mú ìkíni tí Àlàájà kọ, ó fà á gùn, ó já a sí méjì, ó dá apá kan rẹ̀ padà sí ìsàlẹ̀ fèrè níbi tí ohùn ti ń hó. Ó bẹ̀ ẹ́ bí ìyá ṣe ń bẹ ọmọ tó kọ oúnjẹ. Ó bínú sí i. Ó dárí jì í. Karimot àti àwọn méjì gbé ohùn kejì sábẹ́ rẹ̀, wọn ò béèrè ibi tó ń lọ, wọ́n ń bá a lọ ni. Bó ṣe pẹ́ tó, kò mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí ọkùnrin yìí gbọ́ òun. Ẹ̀rù bà á, ó sì ń gbádùn ara rẹ̀ nínú ẹ̀rù náà, èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí i rí lórí fèrè láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Bírò Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró. Ó gbójú sókè díẹ̀díẹ̀, ó rí obìnrin méje tí gbogbo wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ṣé... ṣé èmi ni?" ló wí. Nígbà tó yé e, ó dìde dúró pátápátá, àgbà ọkùnrin náà, ó da ọwọ́ bo àyà. "Mo wà ńbí o! Ẹ ṣé o, ẹ kú àìgbàgbé ẹni!"

"Wọ́n dáhùn, ayọ̀ dé!"

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí Adédiwúrà nìkan dúró fún ìbéèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínbíyì ń yẹ ìwé orin tó fi sílẹ̀ fún wọn wò síwá sẹ́yìn.

"Madam, mo rí four lines fún saxophone níbí. Èyí tó tẹ̀lé e ńkọ́? Mi ò rí i. How long is it supposed to be?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà," Adédiwúrà ní. "Ká ní ẹ tètè dáhùn ni, kì bá má gùn tó bẹ́ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá rẹ́rìn-ín, òkìkí rẹ̀ sì bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Adédiwúrà kò lè fi irọ́ bora. Ó ní, "Sà, ilé ni mo ti kọ four lines yẹn, mo kọ́ wọn sórí. Èyí tó kù, mi ò mọ ibi tó ti wá."

"A gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀, ma," Dókítà Ṣóbọ̀wálé ní. "Èyí tó kù yẹn la fún yín ní máàkì lé lórí."

Ó bá àwọn obìnrin náà níta lábẹ́ igi, Karimot ti bọ́ bàtà. Àlàájà Màríyámọ̀ rí omi lójú rẹ̀, ó sáré dìde.

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n ní o ò yege ni?"

"Mo yege, Àlàájà."

"Kí ló wá pa ọ́ lẹ́kún?"

Adédiwúrà di ọwọ́ Àlàájà mú.

"Wọ́n dá mi lóhùn," ó ní.